Kí a tó sọ pé ilẹ̀ ti ṣá, ẹ jẹ́ ká wo èbù

Ní ọdún tí a lọ fi kọ́ṣẹ́ lóko, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́ta bọ́ sí abúlé kan ní Òkè-Ògùn. Bàbá tí a wọ̀ sílé rẹ̀ mọ iṣẹ́ àgbẹ̀ dunjú, iṣu ló sì ń gbìn jù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó mú wa dé oko kan tó ti ń gbin iṣu sí láti ọdún mélòó kan, ó wa iṣu ebè méjì, ó gbọn erùpẹ̀ ara wọn dànù, ó ní: "Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ mi, ilẹ̀ yìí ti ṣá."

Iṣu náà kéré, awọ rẹ̀ sì là káàkiri. Àwa ọmọ yunifásítì ò jẹ́ kó pẹ́ tí a fi dáhùn. Ẹnì kan ní kí Bàbá ra ajílẹ̀ NPK. Ẹnì kejì ní ìgbẹ́ adìẹ ló dára jù. Èmi ní tèmi sọ̀rọ̀ gígùn lórí fífi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi. Bàbá gbọ́ wa tán, ó dúpẹ́, ó sì ju iṣu méjèèjì sínú apẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó gé wọn wò.

Nígbà tó di alẹ́, Ìyá ń bẹ iṣu náà, mo sì jókòó tì wọ́n. Nígbà tí èèpo kúrò, mo rí i pé abẹ́ rẹ̀ ti pọ́n, níbòmíràn ó ti dúdú, ó sì gbẹ bí igi. Kò wọnú jìnnà. Bí ọ̀bẹ bá ti kọjá ìwọ̀n ìka kan, iṣu funfun ló kù. Mo bi Ìyá pé kí ló ṣe é. Wọ́n ní: "Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí. A ó gé ibi tó bàjẹ́ dànù, a ó sì se ìyókù." Ojú tì mí. Ohun tí olùkọ́ wa ti fi àwòrán rẹ̀ hàn wá ní kíláàsì, tí a ti há orúkọ rẹ̀ sórí fún ìdánwò, òun ló wà lórí àwo níwájú mi yẹn, èmi sì ti ní kí Bàbá fi ilẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ní oko iṣu tiwa, ìjà pẹ̀lú nẹ́mátóòdù kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ilẹ̀ nìkan, kò sì lè parí ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Inú èbù ló ti ń bẹ̀rẹ̀ jù. Bí àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn kò bá kọ́kọ́ yẹ èbù àti gbòǹgbò wò kí a tó la ẹnu, ìmọ̀ràn wa yóò kàn máa ná àgbẹ̀ lówó ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ nítorí àwọn tó ń kà wá láti ẹ̀ka mìíràn. Nẹ́mátóòdù kì í ṣe ekòló. Ekòló ń tú ilẹ̀, ó ń sọ ewé jíjẹrà di ajílẹ̀. Ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni. Nẹ́mátóòdù ní tirẹ̀ jẹ́ aràn tín-ín-rín tí gígùn rẹ̀ kò sábà ju mìlímítà kan lọ, tó sì mọ́ gaara débi pé ojú lásán kò lè rí i nínú erùpẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wa kàn ni àwọn tó ní ohun bí abẹ́rẹ́ lẹ́nu, tí wọ́n fi ń gún gbòǹgbò tàbí iṣu láti fa omi ara rẹ̀ mu.

Oríṣi méjì ló ń yọ oko iṣu wa lẹ́nu jù. Àkọ́kọ́ ni Scutellonema bradys, èyí tí mo rí lórí àwo Ìyá. Láti ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ti ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé. Ó ń wọ inú iṣu nígbà tí iṣu ṣì kéré nínú ebè, ó sì ń gbé abẹ́ èèpo, níbi tí kò sábà ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń bímọ. Ibi tó bá ti jẹ yóò kọ́kọ́ pọ́n bí òféèfèé, lẹ́yìn náà yóò dúdú, awọ òkè yóò sì máa là. Ohun tó burú jù nínú ìwà rẹ̀ ni pé wíwa iṣu kò dá a dúró. Bí a bá kó iṣu wálé tán, ó ṣì ń bí sí i nínú iṣu níbi tí a kó o pamọ́ sí. Iṣu tó wọlé ní oṣù Kọkànlá pẹ̀lú aràn díẹ̀ lè jáde ní oṣù Kẹta pẹ̀lú aràn púpọ̀. Omi ara rẹ̀ yóò ti dínkù, ìwọ̀n rẹ̀ yóò ti fúyẹ́, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ yóò sì ti di ọ̀nà fún àwọn ohun mìíràn tó ń mú iṣu jẹrà.

Èkejì ni Meloidogyne, èyí tó ń so kókó sára gbòǹgbò. Lára iṣu, ó máa ń mú kí awọ rí wúruwùru bí ara ọ̀pọ̀lọ́. Kò mọ sórí iṣu nìkan. Tòmátì, ilá, ewédú, ṣọkọ, ẹ̀wà àti sóyà, gbogbo wọn ló ń gbà á lálejò. Ọmọ rẹ̀ kékeré yóò wọ ẹnu gbòǹgbò, yóò mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ wú kọjá ààlà kí wọ́n lè máa bọ́ ọ, yóò sì jókòó síbẹ̀ títí yóò fi yé ẹyin ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Nínú ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, nǹkan bí oṣù kan péré ni ìran kan ń gbà. Tòmátì tó bá lo oṣù mẹ́rin lóko ti bọ́ ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ẹ wo ohun tí irúgbìn ń fi hàn lókè nígbà tí gbogbo èyí ń lọ lábẹ́: ewé á pọ́n, ewéko á ràn, yóò máa rọ ní ọ̀sán bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tutù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni irúgbìn tí ebi ajílẹ̀ ń pa ṣe ń rí. Gbòǹgbò tí kókó ti gbà kò lè gbé omi àti oúnjẹ bó ṣe yẹ, nítorí náà ebi ń pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ wà nínú ilẹ̀. Ẹni tó bá da ajílẹ̀ lé e lórí kò ṣe ju ẹni tó ń bu oúnjẹ fún ẹni tí ọ̀fun ń dùn lọ. Ìdí nìyí tí gbólóhùn náà, "ilẹ̀ ti ṣá," fi ń tàn wá jẹ. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni pé ilẹ̀ ti ṣá. Nígbà mìíràn, aràn ni. Nígbà púpọ̀, méjèèjì ni. A kò lè mọ̀ láìjẹ́ pé a wú gbòǹgbò wò. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1855 ni Berkeley ti kọ̀wé nípa kókó lára gbòǹgbò apálá òyìnbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí a má tilẹ̀ lọ jìnnà, ní 1976, IITA ní Ìbàdàn gba àlejò ìpàdé àwọn onímọ̀ tó wá jíròrò lórí Meloidogyne. Wọ́n ti ṣe ìwádìí lórí Scutellonema bradys ní ilẹ̀ yìí kan náà kí a tó bí púpọ̀ nínú wa. Láti Ìbàdàn dé Òkè-Ògùn kì í ṣe ìrìn ọjọ́ kan. Síbẹ̀, Bàbá tó ti ń gbin iṣu láti ìgbà èwe rẹ̀ kò gbọ́ rí pé aràn kan wà tó ń gbé abẹ́ èèpo iṣu.

Mo rò pé orúkọ wà lára ohun tó fà á. A kò ní ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀ fún un. Bí o bá sọ fún Ìyá pé aràn wà nínú iṣu, aràn inú ọmọdé ni yóò wá sí wọn lọ́kàn, ẹ̀rù yóò sì bà wọ́n láti fún ọmọ-ọmọ wọn jẹ. Ó yẹ ká sọ ọ́ gbangba pé aràn inú iṣu kì í gbé inú ènìyàn. Oúnjẹ tí a gé dànù àti owó tí a pàdánù ni àdánù rẹ̀. Ní tèmi, "aràn gbòǹgbò" ni mo ń pè é nígbà tí mo bá ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá ní orúkọ tó sàn ju èyí lọ, kó mú un wá. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó. Ohun tí ojú kò rí, ọwọ́ kì í bá a jà. A gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ han àgbẹ̀ lára iṣu àgbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ èbù, torí pé ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ní ọjọ́ kejì, mo bá Bàbá níbi tí wọ́n ti ń ṣa iṣu. Òkìtì mẹ́ta ni wọ́n ṣe. Àwọn tó tóbi tó sì dán ń lọ sí ọjà. Àwọn tó tó jẹ ń lọ sílé. Àwọn kékeré, tí awọ wọn là, tí oníbàárà kò ní wo lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ni wọ́n dà sábẹ́ igi fún èbù ọdún tó ń bọ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fi mú èbù lára àwọn tó dára. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò tíì san owó ilé-ìwé ọmọ rí. "Ọmọ mi, ta ni í fi owó sínú ilẹ̀?"

Ìbéèrè gidi ni. Nàìjíríà nìkan ló ń pèsè ju ìdajì iṣu gbogbo ayé lọ, síbẹ̀ èbù wà lára ohun tó ń ná àgbẹ̀ lówó jù. Hóró àgbàdo kan lè fún ni ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún hóró. Iṣu kan kì í sábà fún ni ní èbù tó pé mẹ́wàá. Èbù tí a bá rì sínú ilẹ̀, oúnjẹ tí a lè jẹ tàbí tà ni. Nítorí náà, àgbẹ̀ tó ń fi iṣu tó burú jù ṣe èbù kì í ṣe òpè. Ìṣirò ló ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìṣirò náà ń gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ iṣu kékeré, aràn ló jẹ́ kí wọ́n kéré. Awọ tó là, aràn ló là á. Bí a bá ń ṣa irú wọn fún èbù lọ́dọọdún, aràn gan-an ni a ń ṣa tí a sì ń fọwọ́ ara wa gbìn, pẹ̀lú oúnjẹ tí yóò jẹ nínú ebè. Bàbá lè fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá bí mo ṣe gbà wọ́n nímọ̀ràn. Bí wọ́n bá padà dé pẹ̀lú èbù kan náà, wọn yóò bá ìṣòro kan náà. Bí wọ́n tilẹ̀ ṣán igbó tuntun tí ẹnikẹ́ni kò dá rí, àwọn fúnra wọn ni yóò gbé aràn débẹ̀.

Àwọn kan nínú wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti jáde tí ẹ sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn oko, yóò ní oògùn wà. Lóòótọ́, oògùn tó ń pa nẹ́mátóòdù wà. Ṣùgbọ́n ìtàn wọn kò dùn. Ní 1977, wọ́n rí i ní California pé àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po DBCP kò lè bímọ mọ́. Ní 1983, Amẹ́ríkà dá lílo EDB nínú ilẹ̀ oko dúró. Methyl bromide, tí wọ́n ti ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, di ohun tí Àdéhùn Montreal ní kí gbogbo ayé pa tì nítorí ó ń ba ìbòrí ozone jẹ́: 2005 fún àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀, 2015 fún àwa tó kù. Ní 2009, Amẹ́ríkà fagi lé gbogbo ìwọ̀n carbofuran tí òfin gbà láyè pé kó ṣẹ́kù sínú oúnjẹ. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ níbi tí òṣìṣẹ́ ti ní ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti ẹ̀rọ. Ní tiwa, mo ti rí ẹni tó fi ọwọ́ lásán bu oògùn hóró láti inú ike tí wọ́n fi ń mumi tẹ́lẹ̀. N kò sọ pé oògùn kò níṣẹ́ tó lè ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé oògùn tí a dà sínú ebè kò rọrùn láti dé ọ̀dọ̀ aràn tó ti wà nínú èbù, lábẹ́ èèpo, níbi tó ti fara pamọ́.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a lo irúgbìn tó lè kọ aràn. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fojú sílẹ̀. Lára páálí irúgbìn tòmátì, ẹ ó máa rí lẹ́tà VFN. N yẹn dúró fún nẹ́mátóòdù, jíìnì tí wọ́n ń pè ní Mi ló sì sábà ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n mú un wá láti ara ìbátan tòmátì inú igbó. Ó ń ṣiṣẹ́ gidi níbi tí ilẹ̀ ti tutù. Ṣùgbọ́n bí ooru ilẹ̀ bá ti kọjá ìwọ̀n 28 Celsius, agbára rẹ̀ ń já. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ oko wa ní ọ̀sán oṣù Kẹta mọ ohun tí mo ń sọ. Ní ti iṣu, èyí tí àgbẹ̀ lè rà lọ́jà tí aràn kò ní fọwọ́ kàn kò tíì sí nílẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? N ó to ohun tí a mọ̀ láti orí èyí tí kò náni lówó.

Àkọ́kọ́ ni ṣíṣà. Kí àgbẹ̀ fi èékánná họ awọ èbù díẹ̀ kó tó gbìn ín. Bí abẹ́ rẹ̀ bá pọ́n tàbí tó dúdú, kó jẹ ẹ́, kó má gbìn ín. Bí awọ bá là tàbí tó rí wúruwùru, bákan náà ni. Ojú yóò fo àwọn kan dá, torí aràn díẹ̀ kì í fi ara hàn. Síbẹ̀, ẹni tó yọ èyí tó burú jù kúrò ti dín aràn tó ń wọ ebè kù, kò sì ná kọ́bọ̀.

Èkejì ni yíya èbù sọ́tọ̀. A kò lè ní kí àgbẹ̀ fi gbogbo iṣu tó dára gún èbù. Ṣùgbọ́n ó lè mú iṣu bíi mẹ́wàá tó mọ́, kó gé wọn kéékèèké bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Umudike láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, nǹkan bí gíráàmù 25 fún ègé kan, kí èèpo wà lára ègé kọ̀ọ̀kan. Kó gbìn wọ́n sí ibi kan lọ́tọ̀, sórí ilẹ̀ tí iṣu kò sí ní ọdún tó kọjá. Ohun tó bá wà á níbẹ̀, èbù nìkan ni, kì í ṣe oúnjẹ. Báyìí ni iṣu mẹ́wàá ṣe lè di ìpìlẹ̀ oko tó mọ́. Ẹni tí apá rẹ̀ bá ká a tún lè wá èbù tí wọ́n fi ìtàkùn iṣu ṣe láìfi ilẹ̀ kàn án, èyí tí IITA àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti ń gbé lárugẹ.

Ẹ̀kẹta ni omi gbígbóná. Fún ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó rọrùn: kí a bẹ gbòǹgbò àti ara dúdú ìdí rẹ̀ dànù títí yóò fi funfun, kí a tẹ̀ ẹ́ bọ omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí a sì yọ ọ́. Fún iṣu, ó gba sùúrù: omi tó wà láàárín ìwọ̀n 50 sí 55 Celsius, fún bí ìṣẹ́jú 40. Bó bá gbóná jù, ojú èbù yóò kú. Bó bá tutù jù, aràn yóò wẹ̀, yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Thamómítà kan tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ abúlé jọ ní tó.

Ẹ̀kẹrin ni yíyí irúgbìn padà. Níbí ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà. A máa ń sọ fún àgbẹ̀ pé kó gbin nǹkan mìíràn tẹ̀lé iṣu, bí ẹni pé ohunkóhun ni yóò ṣe é. Ẹ̀wà lè bọ́ Scutellonema bradys títí iṣu yóò fi padà dé. Àgbàdo tí a rò pé ó ń fọ ilẹ̀ mọ́ lè bọ́ Meloidogyne incognita. Ilá, ewédú àti ṣọkọ ń bọ́ ọ yó. Ẹ̀pà kì í sábà bọ́ M. incognita, nítorí náà ó dára láti fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mucuna, ìbátan wèrèpè tí kì í yún ni, àti Crotalaria, wọ́n ń dín in kù, wọ́n sì ń bọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú. Ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kò sinmi lọ́wọ́ aràn bí imí eṣú bá bò ó, torí imí eṣú náà ń gba Meloidogyne lálejò. Ìgbẹ́ adìẹ àti ewé jíjẹrà ń ran irúgbìn lọ́wọ́ láti fara da aràn, ó sì ń fún àwọn ọ̀tá aràn láyè nínú ilẹ̀. Nítorí náà, ẹlẹgbẹ́ mi tó sọ̀rọ̀ ìgbẹ́ adìẹ lọ́jọ́ náà kò ṣìnà pátápátá. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò yẹ ni.

Mo mọ àtakò tí wọn yóò gbé wá. Wọn yóò ní a kò ní ohun èlò. Máíkírósíkóòpù ẹ̀ka wa kò tó, iná kì í dúró. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ, ọkọ́ àti èékánná kò fẹ́ iná. Bí a bá sì fẹ́ rí aràn náà fúnra rẹ̀, asẹ́, tíṣù, abọ́ pẹrẹsẹ àti omi tó. Kí a gé gbòǹgbò tàbí èèpo iṣu wẹ́wẹ́, kí a tẹ́ ẹ sórí tíṣù nínú asẹ́, kí omi kàn án nísàlẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Aràn yóò rìn bọ́ sínú omi. Máíkírósíkóòpù kan ṣoṣo tó fún abúlé mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Ọ̀nà yìí àti àwọn mìíràn wà nínú Practical Plant Nematology, ìwé tí Coyne, Nicol àti Claudius-Cole kọ ní 2007 fún irú àwa yìí gan-an.

Àtakò kejì ni pé èrè rẹ̀ ń pẹ́. Àgbẹ̀ tó da ajílẹ̀ ń rí ewé tútù láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ṣa èbù lè dúró títí di ìgbà wíwa iṣu, kódà títí di ìgbà tó bá ṣí ibi tó kó iṣu pamọ́ sí. Èyí ló fà á tí kò fi yẹ ká ṣèlérí ńlá. Iye tí aràn ń jẹ lóko kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Gbogbo wa la mọ ìdá 12.3 nínú ọgọ́rùn-ún tí a máa ń dà kọ sí orí kìíní iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa. Láti ọwọ́ Sasser àti Freckman ní 1987 ló ti wá, èrò àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ni wọ́n sì kó jọ láti rí i. Kò sọ ohunkóhun fún Bàbá nípa oko Bàbá. Ìṣirò tí yóò yé wọn ni èyí: nínú iṣu ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kó wálé, mélòó ló ṣeé tà nígbà tí iṣu wọ́n lọ́jà?

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí gbogbo ẹni tó bá ń lọ kọ́ṣẹ́ lóko láti ẹ̀ka wa mú ọ̀bẹ dání, kó má sì gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn lórí ilẹ̀ tó ṣá kó tó gé iṣu kan tàbí kó tó wú gbòǹgbò kan wò lójú àgbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí nẹ́mátóòdù kọ ojú ìwé kan ṣoṣo ní Yorùbá nípa ohun tó rí, kó sì dá a padà fún àwọn tó fún un ní ilẹ̀ àti iṣu. A ti kó erùpẹ̀ wọn wálé tó. Àbájáde kì í padà sọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ẹ̀yin tí ẹ wà níbi iṣẹ́ ìjọba, ní báńkì tó ń yá àgbẹ̀ lówó, tàbí nídìí títa oògùn, nígbà tí ẹ bá tún ń ṣètò ìrànwọ́ fún àgbẹ̀, ẹ fi èbù tó mọ́ kún ajílẹ̀ tí ẹ ń pín. Àgbẹ̀ tó gba ajílẹ̀ láìní èbù tó mọ́, aràn ni ẹ ń bá a bọ́.

Kí a tó kúrò ní abúlé yẹn, mo padà tọ Bàbá lọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, pé ìmọ̀ràn tí mo fún wọn lákọ̀ọ́kọ́ kò pé. Mo gé iṣu mẹ́ta láti inú òkìtì èbù wọn. Méjì ló ti dúdú lábẹ́ èèpo. Bàbá mú ọ̀kan, wọ́n fi èékánná họ ọ́, wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ọmọ wọn pé kó lọ mú iṣu mẹ́jọ padà lára èyí tó ń lọ sí ọjà.

Iṣu mẹ́jọ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ná wọn, mo sì mọ̀ pé kò sí ìwé kankan nínú àpò mi tó lè mú wọn ṣe é bí kò ṣe ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí. Bí mo bá ti gé iṣu ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn wò níwájú wọn lóko, a kì bá ti fi ọ̀rọ̀ NPK bẹ̀rẹ̀.